Ìyá Àgbà Méjì Lórí Ọmọ Kan: Bí Mo Ṣe Gbé Láàárín Àwọn Kazakh

Kí ẹnikẹ́ni tó tún dá mi dúró níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ láti bi mí pé, "Alhaja, Pakistan tí ẹ lọ ńkọ́?", ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sinmi. Kì í ṣe Pakistan. Kazakhstan ni. Àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ́ Kazakh. Wọn kì í ṣe Lárúbáwá, wọn kì í ṣe ará Ṣáínà, wọn kì í sì í ṣe ará Rọ́ṣíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n ń bọ́ sí tí wọn ò bá fẹ́ kí ìyàwó ilé gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìlú tí mo gbé ń jẹ́ Atyrau. Epo rọ̀bì ló gbé e dúró, bó ṣe gbé Houston wa yìí náà dúró, ibẹ̀ sì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í parọ́ mọ́ ènìyàn. Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì wa ní Westchase ni kí n máa ka ẹ̀sùn tí àwọn oníbàárà kọ, kí n ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo. Òfin ni mo kà ní yunifásítì kí n tó kúrò nílé. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe mí ni màá sọ bó ṣe rí gan-an. Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa, màá sọ ọ́ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ ń dùn mí.

Ọmọ mi kan ṣoṣo, Ràfíátù, tí a bí ní Houston níbí, ló fẹ́ Daulet, ọmọ Kazakh tó wá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ epo. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, iṣẹ́ gbé Daulet padà sílé, ó sì gbé ọmọ mi dání. Nígbà tí Ràfíátù bí ọmọkùnrin, mo gba ìsinmi, mo di ẹrù, mo ní mò ń lọ wẹ ọmọ. Mo di àdí, ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn, ọ̀já méjì àti ata gígún. Mo sì gbé car seat, àga ọmọdé tí wọ́n ń so mọ́ inú mọ́tò. Ẹ̀yin nìkan ni màá sọ ìdí rẹ̀ fún: ó wà lọ́kàn mi pé tí ọrùn ọmọ bá ti le díẹ̀, èmi àtòun la jọ ń padà bọ̀ sí ilé mi ní Mission Bend ní Houston, kí ìyá rẹ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́. Mo ti wo yàrá tó máa sùn sí. Ìyá rẹ̀ nìkan ni n ò tíì sọ fún.

Súìtì lórí

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa ní Houston, tí omi á dì díẹ̀ lórí freeway tí gbogbo ìlú á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Tibẹ̀ máa ń wọ inú eyín. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ bẹẹrẹ dé ibi tí ojú ò ká mọ́, kò sí òkè, kò sí igi, atẹ́gùn sì ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Inú ilé wá gbóná débi pé bùbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo ń wọ̀, torí ìjọba ló ń tan ooru ilé fún gbogbo wọn, ẹ ò lè dín in kù, àfi kí ẹ ṣí fèrèsé. Tí ẹ bá wá ṣí fèrèsé, wọ́n á ní ẹ fẹ́ pa ọmọ.

Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé Daulet, mo ní kí n fẹsẹ̀ kan wọlé, ni nǹkan bà mí lórí, páù. Òmíràn bà mí létí. Mo gbójú sókè, mo rí obìnrin kan tó wé aṣọ funfun mọ́rí, tó gbé àwo súìtì dání, tó ń jù wọ́n lù mí, tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ilé kejì ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń ṣà á.

Mo ní, "Ràfíátù, kí ni mo fi ṣe wọ́n?"

"Mọ́mì, wọ́n ń kí yín káàbọ̀ ni. Blessing ni."

"Blessing ló ń ta mí létí báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin olósúìtì yìí ni Sáúlé, ìyá ọkọ ọmọ mi, tó ti ìlú tirẹ̀ wá tọ́jú ọmọ tuntun. Ó dì mọ́ mi, ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ń pè mí ní kudagi. Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ìyàwó ọmọ wọn nìyẹn, orúkọ ńlá sì ni lọ́dọ̀ wọn. Àìgẹ́rím, àbúrò Daulet tó wà ní yunifásítì, ló ń túmọ̀ láàárín wa. Ìyá rẹ̀ á sọ Kazakh, ọmọ náà á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á fèsì. Mo ṣàkíyèsí pé èsì mi tó bá ti le máa ń kúrú gan-an kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Tíì tí kì í kún

Wọ́n mú mi lọ jókòó sí ìkángun tábìlì tó jìnnà jù sí ẹnu ọ̀nà. Ibi ọlá ni, wọ́n ní. Ọlá náà ni pé tí ìtọ̀ bá gbọ̀n yín, gbogbo ìdílé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde kí ẹ tó ráyè kọjá.

Sáúlé bu tíì fún mi nínú abọ́ kékeré tí kò ní ọwọ́. Kò ju ìdajì lọ. Mo wo abọ́, mo wo ìkòkò tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mu ún tán. Ó tún bu ìdajì. Èmi tí mo la òkun kọjá, wọ́n wá ń wọn tíì fún mi bí oògùn ikọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ní, "Àìgẹ́rím, sọ fún màmá rẹ pé kí wọ́n bu abọ́ yìí kún."

Ọmọ náà ò túmọ̀ rẹ̀. Ó rọra sọ fún mi pé, "Àǹtí, tí wọ́n bá bù ú kún, wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé yín nìyẹn. Ìdajì ni wọ́n ń bù fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kó pẹ́, kí wọ́n lè máa bù ú fún un léraléra."

"Ṣé wọn ò lè fẹ́ràn mi nínú abọ́ tó kún ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ béèrè ohun tí mo sọ. Ó ní mo ní tíì náà dùn.

Oúnjẹ dé. Ẹran bíbọ̀ ni, wọ́n tò ó sórí ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n sè nínú omi ẹran, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Dé ibẹ̀ yẹn, n ò ní ẹjọ́ kankan. Àmọ́ kò sí ata. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí àwọn tó ń fẹ́ bá mi lọ nígbà mìíràn lè gbọ́: kò sí ata. Wọ́n rẹ́ àlùbọ́sà sí i, wọ́n wá ń wò mí bóyá ó ta mí lẹ́nu. Ẹran kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kì sínú ìfun, ó lọ́ràá, ó dùn. Mo jẹ ọ̀kan, mo jẹ èkejì, mo na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta.

Àìgẹ́rím ní, "Ẹṣin nìyẹn. Inú màmá dùn pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀."

Mo gbé e kalẹ̀. Mùsùlùmí làwọn náà, wọn ò rí nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí àwọn ààfáà tiwa máa ń sọ. Mo gbójú sókè, mo rí Ràfíátù lódìkejì tábìlì, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo gbé ẹran mi padà, mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yin ìyá Asálátù, ẹ má fi ojú yẹn wò mí. Èmi àti Ọlọ́run mi la ó jọ yanjú ẹ̀.

Ọmọ ta ni?

Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kí n tó dé. Ààfáà wọn ki ìpè ìrun sí i létí, ó pe orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, bí a ṣe ń ṣe é nílé gẹ́lẹ́. Sùlèmáánù lorúkọ rẹ̀. Èmi ń pè é ní Súlè. Inú mi fẹ́ máa dùn, àfi ìgbà tí Daulet ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Sáúlé, ṣé ọmọ ti sùn?"

Mo rò pé etí mi ni. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó ń pe ìyá tó bí i lórúkọ gàdàgbà níwájú àna, ìyá náà sì ń dá a lóhùn. Ẹ sì wò ó o, nínú ilé kan náà yẹn, Ràfíátù tó jẹ́ ìyàwó kò gbọ́dọ̀ pe Àìgẹ́rím tí kò tó o bí lórúkọ. Orúkọ àpọ́nlé ni wọ́n ní kó fún un. Ìyẹn yé mi, torí àwọn ìyá wa náà kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Àmọ́ ilé tí ìyàwó ò ti gbọ́dọ̀ pe àbúrò ọkọ lórúkọ, kí ọmọ wá máa pe ìyá rẹ̀ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹ̀, irú ilé wo nìyẹn?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Ràfíátù nìkan wà ní yàrá, ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Ó ní, "Mọ́mì, nǹkan kan wà. Ẹ má pariwo."

"Tí n ò bá ní pariwo, má sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Lọ́dọ̀ wọn, ìyá ọkọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọ́bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kó tọ́ ọ bí ọmọ tó bí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Sáúlé fẹ́ gbé Súlè lọ sí ilé rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ọmọ á máa pè é ní màmá. Ràfíátù á máa lọ kí i nígbà ọdún.

Mo ní, "Daulet ńkọ́?"

"Ó ní òun ò lè sọ̀rọ̀. Èmi náà ò lè sọ̀rọ̀, ìyàwó kì í bá ìyá ọkọ jiyàn níbí. Ọlá ni wọ́n kà á sí, Mọ́mì. Wọn ò mọ̀ pé ìyà ni."

"Kí ni ìwọ fẹ́?"

Ó fi ọwọ́ pa orí ọmọ náà. Ó ní, "Mo fẹ́ ọmọ mi."

Mo ní kó fi ọkàn balẹ̀, pé Sáúlé ò ní gbé e lọ ibì kankan. Lọ́kàn mi, mo ní Houston ló ń lọ.

Car seat nínú èéfín

Ọ̀ràn mìíràn tún ṣú yọ. Lọ́dọ̀ wọn, ẹbí ìyá ọmọ ló ń gbé ibùsùn ọmọ wá, igi ni, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Wọ́n ti ń retí tèmi láti ọjọ́ tí mo dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Sáúlé wá fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ Ràfíátù pé kí ni kudagi gbé wá tí ọmọ á máa sùn sí, ojú sì ti ọmọ mi, ó ní mo gbé nǹkan kan wá tó ní okùn. Bí wọ́n ṣe pe àwọn obìnrin àdúgbò nìyẹn. Ilé kún. Wọ́n ní kí n gbé e jáde. Mo gbé car seat jáde.

Sáúlé yí i po, ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó dún "ká", ó sún sẹ́yìn. Mo rò pé á bú mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n mú iná wá. Wọ́n jó ewé gbígbẹ kan, wọ́n gbé èéfín rẹ̀ yí car seat mi po. Wọ́n fi ìbora bò ó, wọ́n fi ẹ̀wù àwọ̀lékè bò ó, wọ́n tún gbé ìjánu ẹṣin lé e, kí ọmọ lè di ẹlẹ́ṣin. Wọ́n tẹ́ Súlè sínú rẹ̀, wọ́n dè é mọ́ ọn, wọ́n kọrin. Gbogbo àkọlé ìkìlọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ̀ mọ́ ara àga náà ń yọjú lábẹ́ ìjánu.

Lọ́jọ́ kejì, Sáúlé lọ ra ibùsùn igi gidi. Kí ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ojú mi rí: wọ́n máa ń tẹ́ ọmọ gbalaja, wọ́n á fi ọ̀já fífẹ̀ de apá rẹ̀, wọ́n á de ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá ki nǹkan ọkùnrin rẹ̀ bọ ẹnu páìpù igi kékeré kan, kí ìtọ̀ lè máa gba ibẹ̀ lọ sínú agolo lábẹ́ ibùsùn. Mo ní kí Àìgẹ́rím sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń dì lọ sí èbúté.

Sáúlé fèsì, ó rọra sọ ọ́. Àìgẹ́rím ní, "Màmá ní, èyí tí ẹ gbé wá ńkọ́? Okùn tó wà lára rẹ̀ ju tàwọn lọ."

"Ìyẹn wà fún mọ́tò."

"Màmá ní, ta ló fẹ́ fi mọ́tò gbé ọmọ ọwọ́ yìí, síbo?"

Mo ní kí wọ́n gbé omi ìwẹ̀ wá.

Mo wẹ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Mo fi àdí ra á, mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo so ó kọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, mo jù ú sókè. Sáúlé ké, ó gbá àyà mú. Àmọ́ ìgbà tí mo ṣe tán, ó lọ mú ọ̀rá ìrù àgùntàn wá, ó jókòó, ó fi í ra ọmọ, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun kan náà tí mo ṣe ló ń ṣe, jíjù sókè nìkan ló yọ kúrò. A ń wo ara wa láti abẹ́ ojú. Àdí tèmi ń rùn, ọ̀rá tirẹ̀ ń rùn. Ọmọ náà sùn fọnfọn láàárín òórùn méjèèjì.

Ìta

Kí inú mi lè rọ̀, mo máa ń jáde lọ rìn létí odò. Odò yẹn ló pín Europe àti Asia níyà: ọjà wà lápá kan, ilé wa wà lápá kejì, nítorí náà tí mo bá gbàgbé iyọ̀, àfi kí n tún padà sí ilẹ̀ ayé mìíràn lọ rà á. Àwọn ènìyàn kì í rẹ́rìn-ín sí àlejò ní pópó. Wọ́n á tẹjú mọ́ yín, wọ́n á wò yín láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á wá ní kí ẹ jẹ́ káwọn bá yín ya fọ́tò. Mo gbà fún àwọn kan. Àwọn tó bá fọwọ́ kan irun mi kò rí fọ́tò gbà. Ìyá kan tí n ò mọ̀ rí dá mi dúró, ó fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì mi dókè ọrùn, ó bú mi ní èdè rẹ̀, ó kọjá lọ. Mo bú u padà ní èdè tèmi. Mo rò pé a gbọ́ra wa yé.

Àmọ́ òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde: n ò wọ bọ́ọ̀sì kan rí níbẹ̀ tí n ò rí ọ̀dọ́ tó dìde fún mi. Ní Houston, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àga kejì, wọ́n á máa wo fóònù.

Ẹnu mi kó bá mi

Ẹ mọ bí àwa ṣe ń kí ènìyàn. Tí a bá rí aṣọ, a ó yin aṣọ. Mo ní ìborùn Sáúlé rẹwà, kí n má bàa jẹ́ ẹlẹ́nu dídí. Ó bọ́ ọ, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ kejì, mo yin ìkòkò tíì. Mo bá a nínú àpótí mi. A lọ kí aládùúgbò kan, mo ní ẹní ìtẹ́lẹ̀ wọn dára, kí n tó wọ bàtà mi tán, ọmọ ilé ti ká a, ó gbé e lé èjìká, ó ń tẹ̀lé wa bọ̀ nílé.

Mo bínú gan-an. Mo ní, "Ràfíátù, ṣé alágbe ni wọ́n rò pé mo jẹ́?"

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má yin nǹkan kan mọ́, I beg you. Kudagi ni yín. Tí ẹ bá yin nǹkan, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ni."

Àìgẹ́rím tó ń ṣa súìtì nínú àwo fi kún un pé, "Yíyìn kéré. Tí kudagi bá fẹnu ara rẹ̀ tọrọ nǹkan níwájú àgbà ìdílé, ta ló máa sọ pé rárá? Ìtìjú náà á pọ̀ jù fún wa."

Ẹni tó bá kàwé òfin máa ń mọ̀ tí wọ́n bá ka abala tó máa gbà á sílẹ̀ sí i létí.

Sáúlé

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ ogójì, èmi àti Sáúlé jọ ń dín bàúrsák. Púfúpúfù ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín, wọn ò kàn fi ṣúgà sí i ni. Ó ń gé ìyẹ̀fun tí a ti pò, mo ń dín in, Àìgẹ́rím jókòó sáàárín wa. Mo ní kó bá mi bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: kí ló dé tí Daulet fi ń pè é lórúkọ?

Sáúlé ò gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó ń gé ìyẹ̀fun, ó ń sọ̀rọ̀.

Ó ní ọmọdébìnrin lòun nígbà tóun bí Daulet. Ìyá ọkọ òun gbé e lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Wọ́n fi aṣọ di òun láyà kí omi ọyàn lè gbẹ. Ilé kan náà ni gbogbo wọn jọ ń gbé nígbà náà; tí ọmọ bá sunkún, ẹlòmíràn ló ń dìde sí i. Ìyá ọkọ òun ni Daulet ń pè ní màmá, ó wá ń pe òun ní Sáúlé bí gbogbo ilé ṣe ń pè é. Tí òun bá gbé oúnjẹ fún un, á dúpẹ́ bí ẹni tó ń kí aládùúgbò. Òun ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, torí ọlá ni wọ́n kà á sí. Òun kàn ń sọ fún ara òun pé ó máa kan òun lọ́jọ́ kan.

Mo ní, "O ṣáà tọ́ Àìgẹ́rím."

Àìgẹ́rím túmọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fèsì. Ọmọ náà ní, "Màmá ní, Àìgẹ́rím ni tòun, ṣùgbọ́n obìnrin ni, ilé ẹlòmíràn ló ń lọ." Ara rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kò yí ohùn padà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í to ìyẹ̀fun tó wà níwájú rẹ̀ kí ó lè gún régé.

Epo ń hó, n ò yí bàúrsák, ó jóná díẹ̀. Èmi tí ẹ̀sùn jẹ́ iṣẹ́ mi, ẹ̀sùn tó wà níwájú mi yìí ju gbogbo tèmi lọ, n ò sì mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí. Ìyá ọkọ náà ti kú. Àánú Sáúlé ṣe mí. Mo ṣì máa bá a jà lọ́la.

Ogójì

Wọ́n fi ogójì ṣíbí omi wẹ ọmọ, òrùka fàdákà wà nínú omi náà, àwọn obìnrin sì pín òrùka láàárín ara wọn. Lẹ́yìn náà, a jókòó ti oúnjẹ. Bàbá àgbàlagbà kan, àbúrò bàbá àgbà Daulet tó ti kú, ló jókòó síbi ọlá; òun ni àgbà ìdílé. Lọ́dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ń jẹun lásán. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ dìde sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi àdúrà kún un. Ràfíátù ò jókòó. Ìyàwó ni, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tíì lẹ́nu ọ̀nà ló wà. Sáúlé ló gbé ọmọ sórí itan.

Ó kàn mí. Mo dìde. Mo kí bàbá náà, mo kí gbogbo wọn. Mo ní mo wá tọrọ ohun kan.

Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀. Wọ́n ti ń wo ẹní tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, wọ́n rò pé òun ni mo fẹ́ gbà.

Mo ní, "Mo tọrọ pé kí ọmọ yìí má kúrò lọ́wọ́ ìyá tó bí i."

Àìgẹ́rím wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gé ọ̀rọ̀ mi kúrú. Ó sọ ọ́ tán pátápátá, ohùn rẹ̀ sì dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá àgbàlagbà náà yíjú sí Sáúlé. Sáúlé ń wo ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ ò pọ̀.

"Màmá ní, àwọn fún kudagi."

Mo fẹ́ jókòó. Sáúlé dìde.

"Màmá ní kí ẹ dúró. Màmá ní, bí ẹ ṣe jẹ́ kudagi fáwọn, àwọn náà jẹ́ kudagi fún yín. Àwọn náà fẹ́ tọrọ." Àìgẹ́rím yíjú sí mi. "Màmá ní àwọn ti wo àga tí ẹ gbé wá dáadáa. Ẹni tó gbé àga mọ́tò la òkun kọjá kò wá wẹ ọmọ nìkan. Àwọn tọrọ, níwájú gbogbo wa, pé kí ẹ̀yin náà má gbé e lọ."

Láti ẹnu ọ̀nà, Ràfíátù ní, "Mọ́mì. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀yin ará, ǹ bá parọ́. Àmọ́ bàbá arúgbó náà tẹjú mọ́ mi, gbogbo ilé ń dúró, òfin tí mo fi mú Sáúlé ló sì fi mú mi. Mo ní, "Mo fún un."

Bàbá náà gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúrà gígùn, gbogbo wa fọwọ́ pa ojú. Kí a tó sọ ọwọ́ kalẹ̀ tán, Ràfíátù ti gbé ìkòkò tíì sílẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn àwọn àlejò kọjá, ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀, kò wojú tèmi náà. Ó wọ yàrá. A gbọ́ kọ́kọ́rọ́.

Èmi àti Sáúlé ṣẹ́ kù nídìí tábìlì, itan wa ṣófo.

Mission Bend

Mo ti dé. Yàrá tí mo ti wo sílẹ̀ fún ọmọ, mo kó àpótí àti ẹní aládùúgbò sí i. Ràfíátù bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ní òun ti dárí jì mí, àmọ́ kí n má ṣe irú ẹ̀ mọ́. Mo ní mo gbọ́.

Láìpẹ́ yìí, mo ń wakọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, fóònù dún. Sáúlé ni, fídíò ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n, Àìgẹ́rím dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Àǹtí, màmá ní kí n sọ fún yín pé ìyàwó wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti fi Súlè sí daycare."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Obìnrin kan nísàlẹ̀ ilé wọn."

"Ta ni ìyá ẹ̀? Ìdílé wo ló ti wá?"

"Màmá náà béèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ní ìwé ẹ̀rí."

Mo pa iná mọ́tò. Mo wo Sáúlé, Sáúlé wò mí. Ìyá àgbà méjì tí eegun wọn ṣì le, tí wọ́n fi ẹnu ara wọn gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ara wọn níwájú àgbàlagbà, kí wọ́n wá gbé e fún àjèjì tó ní sátífíkéètì. Sáúlé sọ̀rọ̀, ó gùn, ó ń na ìka.

Àìgẹ́rím ní, "Màmá ní, ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ṣèlérí ni pé ẹ ò ní gbé e kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé ẹ ò ní wá jókòó tì í níbi tó bá wà."

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní, "Sọ fún màmá rẹ pé òfin ni mo kà. Wọ́n jàre."

"Màmá ní, ṣé kí àwọn dúró dè yín?"

Mo ní, "Rárá. Kí wọ́n máa lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n gba àga méjì sílẹ̀."